Ọsàn wẹ́wẹ́ ló bá mi yan òkúta kíṣìnì mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣe orí kábọ́ọ̀dù kíṣìnì mi n'Ìbàdàn, torí àwọn tó ti bi mí léèrè ti pọ̀. Táìlì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, epo sì ti wọ àárín àwọn táìlì yẹn, mo fọ̀ ọ́ títí ó rẹ̀ mí, kò mọ́, ni mo bá ní òkúta ni màá fi pààrọ̀ ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo dé, funfun kan tó ní ìlà aláwọ̀ eérú lára ló wọ̀ mí lójú. Ẹni tó ń tà á ní, "Mọ̀mí, gíránáìtì ni, kò lè bàjẹ́ láéláé." Mi ò bá a jiyàn, mo kàn ní kó fún mi ní àfọ́kù kan mú lọ sílé. Mo tún gba àfọ́kù gíránáìtì méjì níbòmíì, dúdú kan àti aláwọ̀ eérú kan tó ní tó-tò-tó lára.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tò wọ́n sórí tábìlì, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí wọn lára, mo kán epo pupa sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo kán omi sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo lọ sùn. Nígbà tí mo nù wọ́n láàárọ̀, ojú ibi tí ọsàn kán sí lára funfun yẹn ti pa, dídán ẹ̀ ti lọ, tí mo bá fọwọ́ rá a ó ń ha mí lọ́wọ́. Mo wá fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn ẹ̀, ìyẹ̀fun jáde, mo kán ọsàn sórí ìyẹ̀fun yẹn, ló bá ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mábù ni wọ́n fẹ́ tà fún mi! Ohun tó wà lára karahun ìgbín àti èèpo ẹyin náà ló wà nínú mábù, ohunkóhun tó bá sì kan, ọsàn, fínígà, títí kan tòmátò, ló ń jẹ ẹ́. Èmi tí mò ń se ọbẹ̀ ata lójoojúmọ́, báwo ni màá ṣe ṣe é?

Mábù ò burú o. Ìgbẹ́tì ní Ọ̀yọ́ wa níbí ni wọ́n ti ń wà á, ó rẹwà gan-an, tó bá jẹ́ tábìlì pálọ̀ ni, màá rà á.

Wọ́n tún fi kúọ́tì hàn mí. Ìyẹn, wọ́n máa ń lọ òkúta tó ń jẹ́ kúọ́tì kúná ni, wọ́n á wá fi résìn, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó máa ń le, pò ó. Ọsàn ò rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n ìkòkò gbígbóná lè ba résìn yẹn jẹ́, èmi sì máa ń sọ ìkòkò àmàlà kalẹ̀ tààrà látorí iná. Eruku ẹ̀ tún burú fún ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń gé e débi pé Ọsirélíà fòfin dè é lọ́jọ́ 1 oṣù keje ọdún 2024.

Bí mo ṣe padà sórí gíránáìtì nìyẹn. Ọsàn ò ṣe méjèèjì ní nǹkan kan, àmọ́ epo fi àbàwọ́n sára aláwọ̀ eérú, dúdú ò mu nǹkan kan. Síbẹ̀ aláwọ̀ eérú ni mo mú, torí ó jọ òkúta Olúmọ ní Abẹ́òkúta, ìlú ìyá mi, ọkàn mi kàn fà sí i, mo sì mọ̀ pé síílà, oògùn tí wọ́n máa ń fi pa òkúta kó má bàa mu epo àti omi, á dí ojú ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n wá fi í, wọ́n ti fi páálí gé ìwọ̀n ẹ̀ ṣáájú. Wọ́n gbé e lóòró bí ẹni gbé gíláàsì, torí iwájú ihò síńkì tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni òkúta ti máa ń ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ gé etí ẹ̀ gbẹ, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, omi ńkọ́?" Ó ní ó ti mọ́ àwọn lára. Mi ò gbà, òkúta kúọ́tì tí wọ́n ń lọ yẹn wà nínú gíránáìtì náà, eruku kan náà ni, mo gbé kẹ́tùlù, mo ń da omi sí i títí ó fi gé e tán.

A fọ̀ ọ́, ó gbẹ dáadáa, wọ́n fi síílà pa á, a ò fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀ mo kán omi sórí ẹ̀, ó dúró róbótó bí ìrì orí ewé kókò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà màá tún kán omi síbẹ̀, tó bá mu ún, a ó tún fi síílà pa á.