Bí A Ṣe Ń Ṣe Họ́ọ̀dà Ẹ̀rọ Ìtọpa Ẹrù Tí Kò Ní Já Bọ́ Nínú Ọkọ̀

Ọkọ̀ dẹlífárì tó bá gbéra láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo á wọ kòtò, á jáde, á tún wọ òmíràn. Họ́ọ̀dà ni ohun tó ń di ẹ̀rọ ìtọpa ẹrù mú, ìyẹn ẹ̀rọ tí awakọ̀ fi ń ka àmì ara páálí ẹrù. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ gíláàsì ló máa ń kọ́kọ́ já: oòrùn á mú rọ́bà rẹ̀ rọ̀, eruku á wọ̀ ọ́, ó di ilẹ̀ ọkọ̀. Irin àti bóòtù ni mo fi ń ṣe tèmi.

Ẹ má tíì wọn nǹkan kan. Ẹ jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó, kí ẹ na ọwọ́. Ibi tí ojú lè tó láìyí ọrùn, tí kò dí ọwọ́ jíà lọ́nà, tí kò sì dí gíláàsì iwájú, ibẹ̀ ni. Ẹ yẹra fún ibi tí wọ́n bá kọ AIRBAG sí, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Bó bá bú, ẹ̀rọ yín á di òkò. Ẹ wá fi ìka kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá dún bí akèrègbè òfìfo, ike lásán ni, ẹ wá irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ fi bóòtù mú un.

Ẹ fi páálí gé àwòṣe rẹ̀ kí ẹ tó mú un lọ fún wẹ́dà. Irin mìlímítà 2 tó fún ìdí rẹ̀; bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, kó jẹ́ 3. Bí ẹ bá fẹ́ ra apá tó ń yí, èyí tó so ìdí mọ́ ibi tí ẹ̀rọ ń jókòó, púpọ̀ nínú wọn ló ní ihò 4 tí wọ́n tò ní mìlímítà 30 ní ìbú, 38 ní gígùn, nítorí náà ẹ lu ihò tiyín bẹ́ẹ̀.

Gbígbọ̀n gan-an ni ọ̀tá. Bí apá bá ṣe gùn tó ni ẹ̀rọ á ṣe máa mì tó, ẹ má jẹ́ kó ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Nọ́ọ̀tì tó ní ike nínú ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi ọ̀dà fa ìlà kan láti ara nọ́ọ̀tì dé ara irin. Ẹ fi rọ́bà tíúbù táyà tẹ́ inú ibi tí ẹ̀rọ ń jókòó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni o. Mo ti fi fóòmù sálúbàtà ṣe é rí, ẹ̀rọ náà ń jó bí eégún! Kí awakọ̀ lè fi ọwọ́ kan yọ ọ́, kí ojú tí ẹ̀rọ náà fi ń ka àmì ara páálí ẹrù má sì bò.

Ti iná, rìwáyà ni kó ṣe é, kó fi fíúùsì sún mọ́ bátìrì ọkọ̀. Ẹ bi í bóyá iná ọkọ̀ náà jẹ́ fóòtì (volt) 12 tàbí 24, nítorí ọ̀pọ̀ tírélà jẹ́ 24. Ẹ so wáyà mọ́ ara họ́ọ̀dà kó má baà máa fa ẹnu ibi tí a ń ki ṣájà sí. Bátìrì líthíọ̀mù inú ẹ̀rọ kì í fẹ́ kí a ṣájì òun nígbà tó bá gbóná kọjá nǹkan bí 45°C, ẹ má gbé ẹ̀rọ náà síbi tí oòrùn ọ̀sán ń pa.

Ẹ ki igi tó wúwo tó ẹ̀rọ náà sí i, kí ẹ wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà tí kò dáa fún ọjọ́ kan. Bí ìlà ọ̀dà bá ti yà, nọ́ọ̀tì ti ń yí nìyẹn. Ẹ tún un dè kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ gidi sí i.