Ẹ wo mítà yín kí ẹ tó ra mọ́tò oníná ní Ìkòròdú

Ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ mọ́tò oníná, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún un ni pé kó má tíì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tókunbọ̀. Kó lọ dúró síwájú mítà ilé rẹ̀ ná. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tí wọ́n kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀dé níbí ló wà, síbẹ̀ àwa tí à ń gbé Ìkòròdú mọ bí iná wa ṣe rí: à ń gbé létí odò, à ń fi itọ́ bọ́jú. Iná tó ń dé ilé yín ló máa yan mọ́tò fún yín.

Ẹ kọ wákàtí iná sílẹ̀

Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá mú iná dé, ẹ kọ ọ́; bí wọ́n bá gbà á, ẹ kọ ọ́. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ti pín wa sí báǹdì márùn-ún. Lórí ìwé, Báǹdì A ní láti rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí tiwọn, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni kí ẹ gbà gbọ́. Òru ló sì ṣe pàtàkì jù, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, torí ìgbà yẹn ni mọ́tò máa wà nílé.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó Báǹdì A lọ sí naira 225 fún yúníìtì kan, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí naira 209.50. Owó àwọn báǹdì tó kù kò tó ìdajì iyẹn nígbà náà. Nítorí náà, bí ẹ bá wà ní Báǹdì B, tí iná yín sì máa ń wà lóru, owó tí ẹ máa fi ṣáàjì lè kéré gan-an sí ti aládùúgbò tó ń fọ́nnu pé A lòun wà.

Ẹ ṣírò ìrìn yín

Yúníìtì tí mítà ń kà náà ni wọ́n fi ń wọn bátìrì mọ́tò. Bátìrì 40 kWh, yúníìtì 40 ló ń gbà. Mọ́tò oníná kékeré máa ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 16 sí 18 lórí kìlómítà 100. Ká ní iṣẹ́ yín wà ní apá Ìkẹjà, tí àlọ àtàbọ̀ jẹ́ kìlómítà 60: yúníìtì mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ fi ọ̀kan ààbọ̀ kún un, torí díẹ̀ máa ń di ooru dànù nígbà tí ẹ bá ń ṣáàjì. Ẹ tún fi ọ̀kan ààbọ̀ sí i fún A/C nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dá yín dúró láti Mile 12 dé Kétu. Ó di 13. Ní owó Báǹdì A, ó fi díẹ̀ lé ní naira 2,900, VAT ti wà nínú ẹ̀. Mọ́tò epo tó ń jẹ lítà mẹ́wàá lórí kìlómítà 100 á jẹ lítà mẹ́fà, bí lítà kan bá sì jẹ́ naira 900, ó di 5,400. Mi ò tíì ka èyí tó ń jó dànù nígbà tí mọ́tò dúró sójú kan o.

Ọ̀rọ̀ wáyà

Ibí ni owó ti ń sọnù, ibí náà ni ilé ti ń jó, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí mọ́tò mi dé, ẹkisitẹ́ńṣọ̀n ni mo fà láti pálọ̀ gba ojú fèrèsé jáde. Ní nǹkan bí aago méjì òru, òórùn ike tó ń jó jí mi. Mo fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì, mo sáré fà á padà. Ẹnu ihò rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ̀pà tó jóná nínú yanrìn, ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Nígbà tí ọmọkùnrin tó ń bá wa ṣe iná dé láàárọ̀, ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe pè mí? Ife ọmọdé lẹ fi ń fún màlúù lómi!”

Òótọ́ ló sọ. Kẹ́tùlù náà ń fa iná gan-an, àmọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Mọ́tò á fà á fún wákàtí mẹ́fà, méje, láìsinmi. Ẹ ní kí wọ́n fa wáyà tuntun, 6 mm, láti ibi àpótí bíréékà tààrà dé ibi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí. Kó ní bíréékà tirẹ̀, irú èyí tó máa ń já bí iná bá ń jò. Ẹ lo sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù ńlá tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi ṣáàjì sí 10 amps. Bí fóltéèjì bá pé 230, yúníìtì 13 yẹn á wọlé láàárín wákàtí mẹ́fà. Bí ó bá wá já wálẹ̀ sí 180, bó ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan A/C, ó lè lé ní wákàtí méje. Ẹ̀yìn aago mọ́kànlá ni mo máa ń tàn án.

Ó wá ku áàtì. Okùn ṣáàjì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wáyà ilẹ̀ wà, bí kò bá rí i, iná pupa nìkan ni ẹ máa rí. Ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní in. Oníwáyà kan lè ní òun á so neutral, wáyà tó ń dá iná padà, mọ́ ọn kó lè gbà. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Ọjọ́ tí neutral yẹn bá já níta, ara mọ́tò yín á di iná, ọmọdé sì lè fọwọ́ kàn án. Irin áàtì ni kí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fi èédú àti iyọ̀ sí ìdí rẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ bá Bàbá onílé sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí gbogbo agbo ilé bá jọ ń lo mítà kan, ẹ má rà á títí ẹ ó fi gba tiyín, àfi tí ẹ bá fẹ́ máa ṣẹjọ́ owó iná lóṣooṣù.

Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì o. Lítà epo kan kì í mú ju nǹkan bíi yúníìtì méjì wá, ìyẹn ni pé lítà mẹ́fà lé ló máa lọ fún ìrìn ọjọ́ kan. Ẹ kúkú bu epo yẹn sínú Corolla. Sòláà dára fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ máa ń wà nílé lọ́sàn-án, ó lè rí nǹkan bíi yúníìtì 12 lórí páńẹ́ẹ̀lì 550W mẹ́fà bí oòrùn bá yọ dáadáa. Èmi kì í sí nílé nígbà yẹn.

Mọ́tò wá kàn wàyí

Tókunbọ̀ Nissan Leaf ló wọ́pọ̀. Bátìrì rẹ̀ kò ní omi tó ń tù ú lára, ooru ilẹ̀ wa sì ń bá a jà. Ẹni tó ń tà á á fi hàn yín pé iná kún fọ́fọ́. Bí àgbá ṣe tóbi tó ni kí ẹ béèrè. Ẹ wo ìlà kéékèèké 12 tó wà lápá ọ̀tún dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ọ̀kan bá ti lọ, nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún agbára bátìrì ti bá a lọ. Leaf àtijọ́ tó jẹ́ 24 kWh, tí ìlà mẹ́jọ péré kù lára rẹ̀, kò ní fọkàn yín balẹ̀ lórí kìlómítà 60. Ẹ wá 40 kWh, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ẹ mú ẹni tó ní LeafSpy, áàpù tó ń yẹ bátìrì Leaf wò, lórí fóònù dání, ẹ má tijú. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò Ṣáínà tuntun tó ní irú bátìrì tí wọ́n ń pè ní LFP, ìyẹn fara da kíkún dé 100; àwọn yòókù, 80 ti tó lójoojúmọ́.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára okùn ṣáàjì. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ 120V nìkan sí i, ẹ má ki í bọ iná wa, yóò jó. Bí mọ́tò kò bá sì jí lárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ má tíì sunkún, ó lè jẹ́ bátìrì kékeré 12V ló kú, irú èyí tí gbogbo mọ́tò ní.

Ẹ lè ṣáàjì nínú òjò, bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti wà lábẹ́ òrùlé. Omi tó bo ojú ọ̀nà lèmi kì í wọ̀. Bí odò Ògùn bá ti kún dé apá Ajégúnlẹ̀ àti Ìtowòlò, mo máa ń fi mọ́tò sílẹ̀ nílé kí n wọ BRT.