Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí kíráùn tẹ́ńpọ́rárì: ẹ yé fi owó yín ṣòfò

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ láàbù eyín l'Óṣogbo níbí, ọ̀rọ̀ yín ń dùn mí. Ẹ á kó owó gidi lọ sí Ìbàdàn, ẹ á ra páúdà àti omi oògùn tó wọ́n jù tí a fi ń po kíráùn tẹ́ńpọ́rárì, ìyẹn ìdérí eyín onígbà díẹ̀ téèyàn ń lò kí ojúlówó tó dé, ọ̀sẹ̀ méjì ò ní pé tí ojú kíráùn á ti dọ̀tí, á ti máa họ, ẹ á wá máa bú ẹni tó tajà fún yín. Ọjà yẹn ò ṣe yín ní nǹkankan, ẹ wo ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́.

1. Ẹ má fojú lásán wọn páúdà àti omi. Omi oògùn yẹn tó bá pọ̀ jù á jẹ́ kí PMMA, ìyẹn ike tí páúdà àti omi yẹn ń dì, súnkì jù, tẹ́ ẹ bá sì ń pò ó kíkankíkan bí ẹni ń ro àmàlà, atẹ́gùn á kó sínú ẹ̀, á di ihò wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni epo pupa àti obì ń gbà wọlé. Ẹ rọra pò ó, ẹ jẹ́ kó le nínú ìkòkò pírẹ́ṣọ̀, nínú omi lásán tó gbóná bíi 45°C, kí pírẹ́ṣọ̀ ẹ̀ jẹ́ bar 2.

2. Bis-acryl, ìyẹn irú ike míì tí a fi ń ṣe tẹ́ńpọ́rárì: kẹ́ ẹ tó pọ́líìṣì ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi sìpírítì nu ojú ẹ̀. Atẹ́gùn kì í jẹ́ kí òkè ẹ̀ gan-an le tán.

3. Síméǹtì tó ní eugenol, ìyẹn òróró kànáfùrù, kì í bá resin, ìyẹn irú ike tí a fi ń ṣe kíráùn yìí, rẹ́.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ti fáníìṣì. Ẹ á fi bọ́ọ̀, irin kékeré tó ń yí, gbẹ́ kíráùn tán, ojú ẹ̀ á kún fún ìlà, dípò kẹ́ ẹ jókòó ti pọ́líìṣì, ẹ á kun fáníìṣì lé e, á máa dán, ẹ á gbowó. Fáníìṣì ò burú o, àmọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, búrọ́ọ̀ṣì àti oúnjẹ á jẹ ẹ́ kúrò, ìlà tẹ́ ẹ bò mọ́lẹ̀ á sì jáde. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn olùwádìí ti sọ pé tí ojú nǹkan tó wà lẹ́nu bá ti rí ṣákiṣàki ju 0.2 micrometre lọ, ìdọ̀tí á túbọ̀ máa lẹ̀ mọ́ ọn. Mọ́mì kan tó ń ta àdìrẹ wá bá mi nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ku díẹ̀, tẹ́ńpọ́rárì iwájú tí wọ́n ṣe níbòmíì ti di àwọ̀ obì, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ẹni tó ṣe é sì ní kí wọ́n sanwó òmíì! Mo wò ó, fáníìṣì ti ṣí lẹ́bàá èrìgì, ìlà bọ́ọ̀ wà nísàlẹ̀ gbangba. Mi ò ra nǹkankan. Mo ha fáníìṣì yẹn dànù, mo fi rọ́bà pa ojú ẹ̀, mo fi pumice tútù, ìyẹn iyẹ̀fun òkúta tí a fi ń dán nǹkan, tẹ̀ lé e, mo wá fi péésìtì pọ́líìṣì àti búrọ́ọ̀ṣì òwú parí ẹ̀, kíráùn yẹn náà ni wọ́n lò títí ojúlówó fi dé.

Ẹ yé kánjú torí NEPA fẹ́ mú iná. Tí mọ́tò ẹ̀rọ pọ́líìṣì bá ń sáré jù tí pumice sì ti gbẹ, kíráùn á gbóná, ojú PMMA á rọ̀, á máa fà.

Kíráùn tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kẹ́ ẹ sì tún fi iná UV mú un le.

Ẹ sọ fún péṣéǹtì kí wọ́n má fi èédú fọ eyín yẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé e sábẹ́ iná, ẹ wo ẹ̀bá èrìgì. Tẹ́ ẹ bá ṣì rí ìlà kan ṣoṣo, ẹ dá a padà sórí pumice.