Tírẹ́ẹ̀dì Tó Jẹ Lára Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi: Ohun Tí Kò Yẹ Kí O Ṣe

Ò ń dé ìdérí tẹmọsítáàtì padà, ìyẹn ohun tó ń darí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Nọ́ọ̀tù mẹ́ta ti fún, ìkẹrin ń bá sípánà yí, ó ń yí, kò dúró. O tú u, o rí i pé àlùmíníọ̀mù ti wé mọ́ ọn lára bí òwú tó ń dán. Tírẹ́ẹ̀dì inú ihò, ìyẹn ìlà tó yí po tí nọ́ọ̀tù ń bá wọlé, ti jẹ nìyẹn. Nọ́ọ̀tù ò ní nǹkan kan, irin ni. Ara ẹ́ńjìnnì ló rọ̀ jù ú lọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe létí ọ̀sà, mo sì ti rí i pé ihò tó jẹ kì í náni lówó tó ohun tí a sáré ṣe sí i.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni ká wá nọ́ọ̀tù tó tóbi díẹ̀. Àwa mẹkáníìkì, sípánà la fi ń pe nọ́ọ̀tù lórúkọ: 10, 12, 13. Orí rẹ̀ là ń wọ̀n o, a ò wọn ara. Orí 12 tó máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì Japan àti orí 13 tí wọ́n ń tà lọ́jà, M8 ni méjèèjì sábà máa ń jẹ́: mílímítà 8 ni ara wọn, 1.25 sì ni àlàfo tírẹ́ẹ̀dì wọn. Ẹni tó ra 13 kó lè fi rọ́pò 12 tó ń yí lófo, ohun kan náà ló tún rà. Tó bá wá bínú, tó ki 14 bọ̀ ọ́, M10 nìyẹn, etí ihò á là. Kò sí ẹni tó máa bá a ra ara ẹ́ńjìnnì tuntun.

Àwọn kan á wé wáyà tín-ín-rín mọ́ nọ́ọ̀tù, àwọn kan á wé téèpù púḿbà, àwọn mìíràn á ro gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì sí i. Èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, gọ́ọ̀mù ni mo fi mú nọ́ọ̀tù tí a fi ń da epo gíá nù lára ẹ́ńjìnnì oníbàárà kan. Lórí ilẹ̀, ó dúró gbagidi. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi padà dé. Mo tú nọ́ọ̀tù náà, epo tó ṣàn jáde funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Omi ti wọlé, bẹ́árìnì ti ń dún. Àpò ara mi ni mo fi san án.

Kọ́ìlì ni oògùn rẹ̀, ìyẹn tírẹ́ẹ̀dì stainless tí wọ́n ká bíi sípíríìǹgì. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe pọ̀ sí. Fún M8, bíìtì dírílì tó tó mílímítà 8.3 lo máa fi gbẹ́ ihò, tápù (irin tó ń gé tírẹ́ẹ̀dì sínú ihò) tó bá kọ́ìlì wá nínú páálí lo sì máa lò. Tápù M8 lásán ò lè ṣe é. Má kàn gbé dírílì lé ọwọ́ kí o máa fojú díwọ̀n, torí ihò tó bá wọ́ á wọ́ lọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní irin pẹlẹbẹ kan tí mo ní kí tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, lu ihò sí gan-n-gan. Òun ni mo máa ń dè mọ́lẹ̀ kí bíìtì lè gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ téèpù mọ́ bíìtì níbi tó yẹ kó dúró, kó má baà lu ọ̀nà omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Fi àkísà dí gbogbo ẹnu tó ṣí. Kẹrosíìnì díẹ̀ máa ń jẹ́ kí tápù gé àlùmíníọ̀mù dáadáa: yí i síwájú díẹ̀, dá a padà kí ẹ̀rúnrún já, máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, yí kọ́ìlì wọ inú ihò. Tó bá ti rì díẹ̀ sábẹ́ ẹnu ihò, ṣẹ́ ìrù kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí o sì rí i pé o mú un jáde. Má gbọ́kàn lé máganẹ́ẹ̀tì, stainless ni. Gírísì tí mo fi sórí igi ni mo fi ń mú tèmi.

Má ṣe é lórí omi. Nọ́ọ̀tù tó bá jábọ́ sínú ọ̀sà ti lọ nìyẹn.

Kí nìdí tó fi ń jẹ gan-an? Gbígbẹ tí a ń dè é láìfi gírísì sí i ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun máa ń wọ inú ọ̀sà Èkó, níbi tí stainless bá sì ti kan àlùmíníọ̀mù, àlùmíníọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Lẹ́búlẹ́bú funfun bí ẹfun lo máa rí. Ẹni tó bá fi páìpù fa sípánà gùn kó lè tú u, tírẹ́ẹ̀dì ló máa fà jáde. Da epo sí i, mú un gbóná díẹ̀ (kò gbọ́dọ̀ sí pẹtiróòlù nítòsí o), kí o máa yí i síwá-sẹ́yìn. Tí o bá ń dá a padà, fi gírísì sí i. Ìka ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Tí ìka ò bá lè yí i wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, yọ ọ́ kí o tún un kì. Orí 10 ò nílò ju nǹkan bí 8 Nm lọ (Nm ni a fi ń wọn agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tù), orí 12 nǹkan bí 18, àfi tí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ nǹkan mìíràn.

Ihò orí sílíńdà ní tirẹ̀, mi ò kí ń fi dírílì ọwọ́ dán an wò mọ́. Tọ́nà ni mò ń gbé e lọ fún.