Bí Mo Ṣe Gbé Ẹjọ́ Ìyá Aláṣọ Kan Dé Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS

Ẹni tí ìjọba orílẹ̀-èdè kan nínú ECOWAS bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú lè pe orílẹ̀-èdè náà lẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ní Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS tó wà ní Àbújá. Kò nílò kí ìjọba kankan bá a pè é, ilé-ẹjọ́ kò sì ní gba owó ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Agbẹjọ́rò ni mí n'Ìbàdàn, ó sì máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni kò gbọ́ ọ rí. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe ti oníbàárà mi kan.

Ìyá tó ń ta àǹkárá àti léèsì ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gba ibodè kọjá lọ ra ọjà. Lórílẹ̀-èdè aládùúgbò kan tí n kò ní dárúkọ, àwọn agbófinró dá ọkọ̀ wọn dúró, wọ́n gba ẹrù rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láì gbé e dé iwájú adájọ́. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ, wọn kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ fún un, wọn kò sì dá ẹrù padà.

Àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ ní ká kọ̀wé sí àjọ ilẹ̀ Áfíríkà tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Banjul. Àjọ yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Òun ló dá Nàìjíríà lẹ́bi ní 2001 lórí ohun tí ojú àwọn ará Ogoni rí. Ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́ kí aláròyé ti kọ́kọ́ gba gbogbo ilé-ẹjọ́ orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ ẹ́ kọjá, àyàfi tí ọ̀nà ibẹ̀ bá dí tàbí tó bá falẹ̀ jù. Ilé-Ẹjọ́ Áfíríkà ní Arusha, ní Tanzania, kò lè gbọ́ ẹjọ́ tí aráàlú bá pe orílẹ̀-èdè kan àfi tí orílẹ̀-èdè náà bá ti fọwọ́ sí ìwé àkànṣe tó gbà bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló fọwọ́ sí i, àwọn kan sì ti yọwọ́. Benin yọ tirẹ̀ ní 2020. Ìdènà méjèèjì yìí kò sí ní Àbújá.

Oníṣòwò bíi ti ìyá yìí ló la ọ̀nà Àbújá yìí fún aráàlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun alára kò jèrè rẹ̀. Ní 2003, Olajide Afolabi ní àdéhùn láti ra ọjà ní Benin, ni Nàìjíríà bá ti ibodè pa. Ó gbé Nàìjíríà lọ sí Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS, èyí tí àwọn adájọ́ rẹ̀ kò ju ọdún díẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ní 2004, ilé-ẹjọ́ ní òun kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ aráàlú lásán, nítorí òfin tó dá òun sílẹ̀ kò gbà á. Ariwo ta. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2005, àwọn olórí ECOWAS tún òfin náà ṣe: aráàlú lè wá, ilé-ẹjọ́ sì lè gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Mo sọ ìtàn yìí fún ìyá náà kí ó tó fọwọ́ sí ohunkóhun, torí mo fẹ́ kó mọ̀ pé ọjà tẹ́nì kan pàdánù ló bí ẹ̀tọ́ tí òun fẹ́ lò.

Òfin 2005 náà ní ohun méjì tó ń béèrè. Ẹjọ́ náà kò gbọ́dọ̀ wà níwájú ilé-ẹjọ́ àgbáyé mìíràn lásìkò kan náà, olùpẹ̀jọ́ kò sì gbọ́dọ̀ fi orúkọ pamọ́. Èkejì yìí ló dá wa dúró. Ojú ọ̀nà yẹn ló ti ń jẹun, àwọn ọmọ rẹ̀ sì bẹ̀rù pé wọn yóò dájú sọ ọ́ tó bá tún kọjá. N kò rọ̀ ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ lọ rò ó dáadáa, ẹ má dá mi lóhùn lónìí." Ìgbà tó padà dé, ó ní, "Lọ́yà mi, orúkọ mi ni wọ́n kọ sára ògiri níbi tí wọ́n tì mí mọ́. Ẹ kọ ọ́ síbi tó dáa wàyí."

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kíkọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti rí ìwé ẹjọ́ tó kún fún òfin bámúbámú, àmọ́ tí ènìyàn kò lè ka ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ìyá kò rántí déètì. Ohun tó rántí ni pé Iléyá ti sún mọ́, pé ọjọ́ tí wọ́n mú òun ni ọmọ òun fi owó ránṣẹ́, àti pé òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kejì. Mo mú èyí lọ bá ohun tó lè jẹ́rìí sí i: òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀, álẹ́ẹ̀tì báǹkì lórí fóònù ọmọ rẹ̀, àkókò tí ipè rẹ̀ dáwọ́ dúró àti ìgbà tó tún bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ tó gbé e búra lórí ohun tó fojú rí. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ nígbà tó délé kọ ìwé. Ìwé tó fi ń ṣírò ọjà, tí ọwọ́ tirẹ̀ wà nínú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, di ẹ̀rí iye tí ẹrù náà jẹ́, pẹ̀lú rìsíìtì tí àwọn tó tajà fún un ṣì ní lọ́wọ́. Mo fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ẹ̀rí tó ti ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò ní ẹ̀rí, mo fi ìbúra ìyá fúnra rẹ̀ gbé e ró tàbí kí n yọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ṣí Ìwé Àdéhùn Ilẹ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1981. Abala 6 bo àtìmọ́lé láìnídìí. Abala 5, ìwà àbùkù tí wọ́n hù sí i níbẹ̀. Abala 7, ẹ̀tọ́ láti rojọ́ rẹ̀. Abala 14, ohun ìní. Mo fi àdéhùn ECOWAS ti 1979 kún un, èyí tó fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà.

Ìyá fẹ́ ká pe ọ̀gá agbófinró tó gbá a létí lẹ́jọ́ pẹ̀lú orúkọ. Kò ṣeé ṣe níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè nìkan ló ń jẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ilé-ẹjọ́ yẹn. SERAP, ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú ní Nàìjíríà, pe Nàìjíríà àti àwọn ilé-iṣẹ́ epo pọ̀ lẹ́jọ́ lórí bí epo ṣe ba Niger Delta jẹ́. Ní 2010 ilé-ẹjọ́ yọ àwọn ilé-iṣẹ́ náà, ó sì dá Nàìjíríà nìkan lẹ́bi ní 2012. Ọ̀gá náà wà nínú ìtàn wa, orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló wà lórí ìwé. Ohun tí a sì bèèrè ṣe kedere: kí ilé-ẹjọ́ sọ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú, kí wọ́n san owó ẹrù, kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún ìyà tó jẹ. A kò ní kó yí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kankan padà, torí kì í ṣe ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Fífi ìwé sílẹ̀ kò le. Òfin ilé-ẹjọ́ fẹ́ àdírẹ́sì kan ní Àbújá tí wọ́n lè fi ìwé ránṣẹ́ sí. Ti ọ̀rẹ́ mi agbẹjọ́rò kan ni a lò. Láti ìgbà àrùn Kòrónà ni wọ́n ti ń gba ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń gbọ́ ẹjọ́ lórí fídíò, nítorí náà ìyá kò ní láti rìnrìn àjò.

Orílẹ̀-èdè tí a pè lẹ́jọ́ ní oṣù kan láti fèsì. Èsì wọn dé: wọ́n ní ó yẹ kó kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ tiwọn. Mo ti ń retí rẹ̀. Ohun kan náà ni Niger sọ nígbà tí Hadijatou Mani, obìnrin tí wọ́n tà lẹ́rú, pè é lẹ́jọ́. Ilé-ẹjọ́ lọ jókòó ní Niamey láti gbọ́ ọ, kò gba àwíjàre náà, ó sì ní kí Niger san 10 mílíọ̀nù owó CFA fún un ní oṣù Ọ̀wàrà 2008. Mo fi ìdájọ́ yẹn sínú èsì wa. Ó bà mí nínú jẹ́ láti kọ orúkọ Hadijatou síbẹ̀, nítorí Niger tó jẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀, pẹ̀lú Mali àti Burkina Faso, ti kúrò nínú ECOWAS ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025.

Ìdájọ́ ni a ń retí báyìí. Mo ti sọ fún ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í yára san ohun tí ilé-ẹjọ́ yìí ní kí wọ́n san. Òfin ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yan ọ́fíìsì kan tí yóò máa gba ìwé àṣẹ ìdájọ́ láti ọwọ́ akọ̀wé àgbà ilé-ẹjọ́, kí ó sì mú un ṣẹ. Mo ti kọ ìwé àkọ́kọ́ tí a ó fi béèrè fún àṣẹ yẹn, déètì nìkan ló kù láti fi sí i.