Bẹ́ẹ ṣe máa dá ojúlówó àdìrẹ mọ̀ kẹ́ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ àdìrẹ yìí ń dùn mí gan-an. Tẹ́ẹ bá wọ ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta báyìí, ọ̀pọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n tò síta ò fojú kan aró rí, máṣíìnì ló tẹ̀ ẹ́ ní Ṣáínà, wọ́n jí bátànì àwọn ìyá wa wò, wọ́n kó o sí kọ̀ńténà, ó wá ń bá àwọn aláró du oníbàárà nínú ọjà tiwọn. Tẹ́ẹ bá fẹ́ kówó yín dọ́wọ́ aláró, ohun tẹ́ẹ máa wò nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ yí aṣọ yẹn padà. Èyí tí máṣíìnì tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ sábà máa ń ṣá ju ojú ẹ̀ lọ ni, torí ojú kan ni wọ́n tẹ̀. Kámpálà tí wọ́n fi abẹ́là ṣe, bátànì ẹ̀ máa hàn lójú méjèèjì. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ tó bá di ẹlẹ́kọ, àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya bátànì sí o, ojú kan ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ lááfún sí, nítorí náà bátànì lè má fi bẹ́ẹ̀ hàn lẹ́yìn, ṣùgbọ́n aró á ti mu débẹ̀, ẹ̀yìn yẹn á dúdú dáadáa. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ju ojúlówó sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ mú bátànì kan, kẹ́ẹ fojú wá ìkejì ẹ̀. Ẹ wo bátànì tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, àwọn òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn tí wọ́n yà sínú ẹ̀, tó bá jẹ́ ọwọ́ ló yà á, òpó kan á sanra, òmíì á tẹ̀ díẹ̀. Tí gbogbo ẹ̀ bá rí bákan náà gẹ́lẹ́, tí àbàwọ́n kékeré kan náà sì ń jáde níbì kan náà láti yáàdì dé yáàdì, máṣíìnì ni. Tó bá jẹ́ oníko, èyí tí wọ́n fi okùn so kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ẹ fọwọ́ pa á, ojú ibi tí wọ́n so máa ń hunjọ. Alábẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán kí wọ́n tó rẹ ẹ́, ní tiẹ̀, ẹ wá ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gbà kọjá.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ta ló rẹ ẹ́, kí lorúkọ bátànì. Ẹni tó mọ aláró ẹ̀ á dáhùn wéré.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní London tàbí Houston, ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò ojú àti ẹ̀yìn aṣọ ránṣẹ́ kẹ́ẹ tó sanwó, fọ́tò nìkan ò tó. Tó bá sì dé, ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀ nínú omi tútù, ẹ sá a síbi tí òòrùn ò ti ní pa á.