Bí ẹ ṣe lè jí ZX Spectrum dìde lórí FPGA

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ràn ZX Spectrum gan-an, kọ̀ǹpútà ilé tí Sinclair gbé jáde ní Britain ní 1982, Z80, ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀, tó ń sáré ní 3.5 MHz ló wà nínú ẹ̀. FPGA, ìyẹn ṣíìpù tẹ́ ẹ lè tún sákíìtì inú ẹ̀ tò bó ṣe wù yín, lẹ máa fi tún un ṣe. Kì í ṣe pé sọ́fítíwià kan ń sín Z80 jẹ o, inú ṣíìpù yẹn gan-an la ti máa to sákíìtì ẹ̀, tó bá sì wù yín lọ́la ẹ lè tún un tò kó di Commodore 64, kọ̀ǹpútà ilé àtijọ́ mìíràn.

Ẹ ra bọ́ọ̀dù DE10-Nano tí FPGA wà lórí ẹ̀, àti SDRAM (mẹ́mọ́rì) tí wọ́n ń kì bọ ara ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ core, ìyẹn fáìlì tó ń to sákíìtì kọ̀ǹpútà kan sínú FPGA, ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Iná 5V nìkan ni kẹ́ ẹ fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara adápítọ̀ dáadáa. Ẹ da MiSTer, sọ́fítíwià tó ń gbé àwọn core sínú FPGA, sórí SD card, ẹ ki káàdì náà bọ inú bọ́ọ̀dù, ẹ ṣe update, ẹ wá yan ZX Spectrum.

F12 ló ń ṣí menu, ibẹ̀ lẹ ti máa yan 48K (Spectrum tó ní mẹ́mọ́rì 48K) àti fáìlì TAP (téèpù tí wọ́n sọ di fáìlì) tẹ́ ẹ fẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí skríìnì tí wọ́n kọ 1982 Sinclair Research Ltd sí nísàlẹ̀, ẹ tẹ J. Ẹ ò ní rí lẹ́tà J o, odidi LOAD ló máa jáde, bí BASIC ẹ̀, èdè tẹ́ ẹ fi ń pàṣẹ fún un, ṣe rí nìyẹn, bọ́tìnì kan ọ̀rọ̀ kan. Ẹ fi "" sí i, ẹ tẹ Enter, kẹ́ ẹ jẹ́ kí téèpù máa lọ.